Henry Deringer, alágbẹ̀dẹ ìbọn àpò tí ayé gba orúkọ mọ́ lọ́wọ́

Àwọn ènìyàn kan wà tí ayé mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n tí ayé kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Henry Deringer jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni nílùú Philadelphia, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1786 ni wọ́n bí i, ọdún 1868 ló sì kú. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe ìbọn ìléwọ́ láyé, kì í sì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe èyí tó kéré nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ṣe é débi pé, ẹni tó bá ń wá ìbọn tí yóò wọ inú àpò láìjẹ́ kí ará ilé àti ará ọ̀nà fura, orúkọ rẹ̀ ni onítọ̀hún máa ń dá fún olùtajà. Títí di òní, bí elédè Gẹ̀ẹ́sì tàbí elédè Faransé bá fẹ́ dárúkọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, derringer ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó dáadáa: r méjì ló tẹ̀léra nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n r kan ló wà níbẹ̀ nínú orúkọ ọkùnrin yìí. Ayé gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, wọn kò tún kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ó kan oníṣòwò, ó kan ọlọ́jà, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń gbé láàárín ìlú.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ

Ìlú Easton, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni wọ́n ti bí Henry Deringer ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1786. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni bàbá rẹ̀, tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti wá ṣiṣẹ́ ajé. Henry Deringer ni bàbá náà ń jẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ìbọn ló sì ń ṣe. Ìbọn gígùn tí àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ Pennsylvania ń gbé wọ igbó ló ń rọ. Inú ariwo òòlù àti ẹwìrì ni ọmọ náà dàgbà sí.

Nígbà tí ó tó kọ́ṣẹ́, bàbá rẹ̀ kò fi í sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó rán an lọ sí Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, kí ó lọ di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn mìíràn. A mọ irú àṣà yìí nílé wa náà: ọ̀gá tó mọ iye iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ ọ lábẹ́ ìkẹ́. Ní ọdún 1806, nígbà tí kò tíì ju ọmọ 20 ọdún lọ, Deringer parí ẹ̀kọ́, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Philadelphia, ní òpópónà Front Street, nítòsí odò Delaware. Ìlú èbúté ni Philadelphia nígbà náà. Irin ń bọ̀, igi ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó ọjà lọ sí gbogbo ìlú tó wà ní gúúsù. Àdúgbò yẹn ni Deringer ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 60 ọdún, títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ fi dé.

Ìbọn ìjọba, àti ìbọn àwọn tí wọ́n lé kúrò nílẹ̀

Kì í ṣe ìbọn kékeré ló kọ́kọ́ fún un lówó. Ìjọba ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Ó bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá àdéhùn láti máa rọ ìbọn fún àwọn ọmọ ogun, ó sì wà lára àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìbọn gígùn ti ọdún 1817 fún. Iṣẹ́ ìjọba le, nítorí pé òṣìṣẹ́ wọn máa ń wá yẹ ìbọn wò níkọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá dára wọ́n á dá a padà. Ẹni tó bá fara da irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ́dún dé ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ sí iṣẹ́.

Iṣẹ́ kejì tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ní ìbànújẹ́ nínú. Ní ọdún 1830, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó fún ààrẹ láṣẹ láti kó àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Índíà, kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, kí wọ́n lọ máa gbé ní òdìkejì odò Mississippi. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n mú àwọn ẹ̀yà Choctaw fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nínú ohun tí ìjọba ṣèlérí fún wọn ni pé, jagunjagun kọ̀ọ̀kan tó bá gbà láti ṣí lọ yóò gba ìbọn gígùn kan, pẹ̀lú ohun tí a fi ń yọ́ ọta àti ẹ̀tù. Ẹnì kan ní láti rọ àwọn ìbọn náà. Deringer wà lára wọn. Ìdílé mélòó kan ló fi oko àti ibojì àwọn baba wọn sílẹ̀, tó jẹ́ pé ìbọn tí wọ́n kọ Deringer sí lára wà lára ohun tuntun tí wọ́n rí gbà dípò rẹ̀! Owó ìjọba ni ṣọ́ọ̀bù òpópónà Front Street fi gbòòrò.

Ìdérí bàbà kékeré

Láti mọ bí ó ṣe bọ́ sídìí ìbọn àpò, ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ ohun kan nípa bí ìbọn ṣe ń yìn nígbà náà. Àwọn ọdẹ wa tó mọ ṣakabùlà kò ní í ṣòro fún láti lóye rẹ̀. A ó da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, a ó fi ọta lé e, a ó sì fi ọ̀pá kì í. Ohun tó kù ni iná tí yóò ran ẹ̀tù náà. Láyé àtijọ́, òkúta akọ ni wọ́n ń lò. Irin á kọlu òkúta, iná á ta, ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn á gbiná, iná náà á sì wọlé. Bí òjò bá rọ̀, ó di ìṣòro. Bí o bá fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sínú àpò, ẹ̀tù inú àwo á dànù, irin tó yọ ṣóńṣó á sì máa kọ́ aṣọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830 ni nǹkan tuntun gbilẹ̀: ìdérí bàbà kékeré kan, bí ọmọrí ìka ọmọdé, tí wọ́n fi oògùn tó ń bú gbàmù sínú rẹ̀. Wọ́n á fi í dé orí ọmú irin kékeré kan lára ìbọn. Nígbà tí òòlù ìbọn bá gbá a, ó bú, iná wọlé tààrà. Kò sí àwo mọ́, kò sí òkúta mọ́, òjò kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Láti ìgbà yẹn ló ti ṣeé ṣe láti ṣe ìbọn tí ènìyàn lè gbé sápò láti àárọ̀ dalẹ́, tí yóò sì yìn nígbà tí a bá fà á.

Deringer rí ohun tí ìdérí yìí lè ṣe. Ó mú ìbọn ìléwọ́, ó gé imú rẹ̀ kúrú, ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn kí ó lè fara sin sínú igi, ó sì ṣe ìdí rẹ̀ róbótó bí orí ẹyẹ kí ọwọ́ lè dì í mú. Igi wọ́núútì ló fi ń ṣe ara rẹ̀. Irin dúdú ni imú rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ilà yíyípo sínú rẹ̀ kí ọta lè máa yí bó ti ń jáde, kí ó má ṣe yà. Àwọn irin funfun wẹ́wẹ́ tó dà bí fàdákà ló fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lára irin náà ni yóò wá tẹ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀ sí.

Bí oníbàárà ṣe ń yan ìbọn

Ọ̀rọ̀ yíyan ìbọn àpò kò rọrùn bí ojú ṣe rí i. Gbogbo ohun tí oníbàárà bá jèrè lọ́nà kan, ó pàdánù rẹ̀ lọ́nà mìíràn, Deringer sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ń rọ. Imú ìbọn wà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì wà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 péré. Èyí tó kúrú wọ inú àpò ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kò ní agbára púpọ̀, ó sì ṣòro láti fi ta nǹkan tó jìnnà. Ẹni tó ra a mọ̀ pé ó di ìgbà tí ọ̀tá bá sún mọ́ òun bí ìwọ̀n tábìlì oúnjẹ kan kí ó tó wúlò.

Nítorí pé ìbọn náà kúrú, Deringer jẹ́ kí ọta rẹ̀ tóbi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára wọn gba ọta tó fẹ̀ tó mìlímítà 10. Ohun tó gbé lékàn ni pé, bí ìbọn kò bá lè yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ ká ẹni tí ó bá bà lọ́wọ́ kò. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn ti di igi àti irin lásán lọ́wọ́ onítọ̀hún, àfi bí ó bá ráyè da ẹ̀tù, kó ki ọta, kó tún fi ìdérí tuntun lé e. Ta ni ọ̀tá yóò dúró dè fún gbogbo ìyẹn? Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ta wọ́n ní méjì-méjì bí ìbejì. Ọ̀kan á wà lápò ọ̀tún, ọ̀kan á wà lápò òsì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí ní ohun mìíràn tí ó lè rà. Samuel Colt gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìbọn tí àgbá rẹ̀ ń yí ní ọdún 1836. Nígbà tó di ọdún 1849, ó gbé èyí tí wọ́n ṣe fún àpò jáde. Ó lè yìn ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí wọ́n tó tún un kì, wọ́n sì tà ju 300,000 lọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kéré, kò ju mìlímítà 8 lọ, ìbọn náà gùn, ó wúwo, ó sì yọ gànnàkù lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ yìn lọ́pọ̀ ìgbà á ra ti Colt, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ìbọn wà lára òun á lọ bá Deringer.

Àríyànjiyàn lórí ohun tó fara sin

Àwọn wo ló ń rà á? Àwọn olóko ńlá ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn atatẹ́tẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi, àwọn olóṣèlú, àwọn oníṣòwò tó ń gbé owó rìn lálẹ́, àti àwọn obìnrin tó ń dá rìn. Nígbà tí wọ́n rí góòlù ní California ní ọdún 1848, tí àwọn ènìyàn ń ya lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo láyé, ọlọ́pàá kò tó nǹkan, ilé tẹ́tẹ́ sì pọ̀. Ìbọn Deringer tà níbẹ̀ bí iyọ̀. Ó ní àwọn aṣojú tó ń bá a tà á láwọn ìlú gúúsù àti ní San Francisco, ó sì máa ń tẹ orúkọ aṣojú náà sára ìbọn nígbà mìíràn.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìbọn àpò rárá, àríyànjiyàn ti wà nílẹ̀ lórí ohun ìjà tó fara sin. Ní ọdún 1813, àwọn ìpínlẹ̀ Kentucky àti Louisiana ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ohun ìjà pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ìpínlẹ̀ Georgia ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1837. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Georgia, ní ọdún 1846, àwọn adájọ́ sọ pé ìjọba kò lè sọ pé kí ènìyàn má gbé ohun ìjà ní gbangba, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé kó má ṣe fi í pamọ́. Ìrònú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé ẹni tó fi ìbọn há ìbàdí fún gbogbo ayé láti rí ti kìlọ̀ fún ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó fi í pamọ́ kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó kàn ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nídìí ọtí. Bí a ṣe mọ̀, ìjà tó yẹ kó parí sí ẹ̀ṣẹ́ máa ń di ikú nígbà tí ohun ìjà bá wà nítòsí ọwọ́. Síbẹ̀, pẹ̀lú òfin náà, ọjà Deringer ń tà. Àwọn tó ṣèwádìí iṣẹ́ rẹ̀ fojú bu ìbọn àpò tó ṣe sí nǹkan bí 15,000.

Ọjà ayédèrú

Bí ọjà bá ti ń tà, ayédèrú kì í pẹ́ yọjú. Ẹ̀yin ọlọ́jà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò nílò ká ṣàlàyé èyí fún yín. Deringer kò gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìbọn rẹ̀ bí Colt ti gbà. Ìdérí bàbà ti wà, ẹ̀rọ tó yí sẹ́yìn ti wà, imú kúkúrú ti wà. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni bí ó ṣe kó wọn pọ̀ àti bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó. Òfin kò dá ìyẹn mọ̀ bí ohun ìní. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìbọn tó dà bíi tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò gbọ́dọ̀ mú ni orúkọ rẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì mú.

Àwọn kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n lọ dá ilé iṣẹ́ Slotter sílẹ̀ nínú Philadelphia níbẹ̀. Wọ́n mọ gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá wọn, ìbọn wọn sì dára. Ṣùgbọ́n orúkọ Deringer ni wọ́n ń tẹ̀ sára rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n dá tún pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n wá aránṣọ kan rí ní Philadelphia tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Deringer, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti iṣẹ́ wọn, kí wọ́n lè máa tẹ J. Deringer sára ìbọn, kí wọ́n sì sọ pé orúkọ ẹni wa ni. Ẹni tó ń rán aṣọ, tí kò rọ ìbọn rí, wá di olórúkọ lórí ìbọn.

Ní San Francisco, oníṣòwò ìbọn kan tó ń jẹ́ A. J. Plate ń ta ayédèrú náà. Deringer gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní California. Ó ti lé ní ẹni 75 ọdún nígbà náà, ibi tí ó ń gbé sì wà ní òdìkejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sí ibi ẹjọ́. Ohun tí agbẹjọ́rò Plate dì mú ni pé California ti ṣe òfin àmì ọjà ní ọdún 1863, pé ẹni tí kò bá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, Deringer kò sì forúkọ sílẹ̀.

Ní ọdún 1865, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní California dá Deringer láre. Àwọn adájọ́ ní òfin tuntun náà kò pa ẹ̀tọ́ àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá ti fi àmì kan sára ọjà rẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n mọ ọjà náà, òun ló ni ín, ibi yòówù kó máa gbé. Ẹjọ́ yìí di ọ̀kan lára èyí tí àwọn amòfin Amẹ́ríkà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ àmì ọjà. Ó jẹ́ ìṣẹ́gun ńlá fún arúgbó oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí ilé ẹjọ́ kankan kò lè gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, ọ̀gágun Lee ti àwọn ará gúúsù ti túúbá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé oko ẹrú ti fẹ́ dópin. Èyí kan àwọn tiwa náà. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó ènìyàn bí 110 láti Uidà lọ sí Alabama lẹ́rú, nígbà tí òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ọmọ Yorùbá pọ̀ lára wọn. Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, jẹ́ ọ̀kan, àwọn òpìtàn sì tọ́ka sí agbègbè Bantẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ti wá. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1865 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sọ fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti di òmìnira.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, Ààrẹ Abraham Lincoln lọ wo eré ní ilé eré Ford, ní Washington. Òṣèré kan wà tó ń jẹ́ John Wilkes Booth, ẹni tó fẹ́ràn ìhà gúúsù tó sì kórìíra Lincoln. Gbajúmọ̀ ni, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé eré náà ló mọ̀ ọ́n, ó sì lè wọlé jáde níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìbọn Deringer kan wà lápò rẹ̀. Gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, kò sì wúwo tó ìdámẹ́rin kílò. Kò sí ẹni tó rí i. Nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀, ó wọ yàrá tí ààrẹ àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lókè, ó sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó sì yìn ín ní ẹ̀yìn etí òsì.

Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ìbọn yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yìn. Booth mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti mú ọ̀bẹ dání. Nígbà tí Rathbone, ọ̀gá ọmọ ogun tó wà pẹ̀lú ààrẹ, rọ́ mọ́ ọn, ìbọn ti ṣófo. Booth sọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ya ọ̀gbẹ́ni náà lápá, ó sì fò sílẹ̀ sórí pèpéle eré, ó sá lọ. Wọ́n gbé Lincoln lọ sí ilé kan ní òdìkejì títì. Níbẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ kejì, ní aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 22. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun ká Booth mọ́ inú abà kan ní Virginia, ibẹ̀ ni wọ́n yìn ín sí tó fi kú.

Gbogbo ohun tí oníbàárà rere ń wá lára ìbọn náà ni apànìyàn náà rí lò: pé ó kéré, pé ó fara sin, pé ó gbẹ́kẹ̀lé lẹ́ẹ̀kan náà tó ń yìn, pé ọta rẹ̀ tóbi. Ìbọn kò mọ ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó wá pànìyàn. Àpò tó bò ó mọ́ olè lójú bò ó mọ́ ẹ̀ṣọ́ ààrẹ lójú pẹ̀lú. Ohun tí àwọn aṣòfin Kentucky àti Louisiana ń bẹ̀rù ní ọdún 1813 ló ṣẹlẹ̀ sí olórí orílẹ̀-èdè.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ìwé ìròyìn gbé orúkọ ìbọn náà káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi r kejì kún un, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe dúró. Àwọn tó ń ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ náà ń pe tiwọn ní derringer, lọ́nà tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò ní orúkọ ènìyàn, ó di orúkọ ohun èlò. Ẹni tó ṣẹ́gun nílé ẹjọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má lo orúkọ òun wá rí i tí gbogbo ayé ń lò ó.

Deringer kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ó kú ní Philadelphia ní ọdún 1868, lẹ́ni ọdún 81, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ Laurel Hill nílùú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró bó ṣe wà. Ọta tí ẹ̀tù àti ìdérí wà nínú rẹ̀ pọ̀ ti ń gbalẹ̀, kò sì pọn dandan mọ́ láti máa ki ìbọn láti ẹnu. Ní ọdún 1866, ilé iṣẹ́ Remington ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn àpò tirẹ̀, tí ó ní imú méjì, ọ̀kan lórí èkejì, kí ẹni tó rà á má baà ra ìbejì mọ́. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 1935, ó sì tó nǹkan bí 150,000. Derringer ni wọ́n pe òun náà, kò sì sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ fún ìdílé Deringer.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ṣe kedere. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ tó dára, kí ó tètè wá òfin tì í lẹ́yìn, kí ó má dúró di ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ti kó ọgbọ́n náà lọ. Ẹni tó bá sì ń ṣe ohun tó lè gba ẹ̀mí, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni yóò yan ọwọ́ tí yóò bọ́ sí. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi orúkọ náà sí lára máa ń gbé e lọ sí ibi tí a kò rán an.

Ìbọn tó pa Lincoln ṣì wà. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé tó wà nínú ilé eré Ford ní Washington ló wà, nínú àpótí onígíláàsì. Nígbà kan, àwọn kan ń sọ kiri pé wọ́n ti jí ojúlówó gbé, pé ayédèrú ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi ìlà ara igi rẹ̀ àti ibi tí ó ti sán wé àwòrán àtijọ́, wọ́n sì rí i pé òun gan-an ni. Orúkọ Deringer àti ti Philadelphia ṣì wà lára irin rẹ̀ bí ọ̀gá náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, láìsí r kejì tí ayé fi kún un.